Mo Gbé Bàbá Mi Lọ Bá Òfì ní Margilan

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Green, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni ìrìn-àjò, ẹ má bínú sí mi. Mo ní ògo ni fún Ọlọ́run, mo sì kọjá lọ. Ẹ fẹ́ gbọ́ nípa aṣọ ṣẹ́dà, ẹ fẹ́ wo fọ́tò, Ìyá Ìjọ tiẹ̀ béèrè bóyá mo ra gèlè bọ̀. Mi ò ra gèlè. Ohun tí ojú mi rí kò ṣeé sọ ní ìdúró, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kà á, kí ẹ má sì bi mí mọ́.

Ẹ mọ bàbá mi. Àwọn ni arúgbó tí mo máa ń tì nínú àga onítáyà lọ sí Barking Park nígbà tí oòrùn bá yọ. Ahunṣọ ni wọ́n ní Ìṣẹ́yìn, kì í sì í ṣe ahunṣọ ojú ọ̀nà lásán. Àwọn ọba ti wọ aṣọ tí wọ́n hun. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Upney, ní Lọ́ndọ̀nù níbí, kò sì pẹ́ tí àìsàn ìgbàgbé fi dé. Ó kọ́kọ́ kó orúkọ àdúgbò lọ, ó kó orúkọ àwọn ọmọ mi, nígbà tó yá ó mú tèmi náà. "Ìyá nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá wẹ̀ wọ́n tán, tí mo fi òrí pa wọ́n lára, wọn a ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san án fún yín." Èmi tí wọ́n bí. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì ń bú yín lórí fóònù, ẹ lọ dúpẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: kí bàbá mi pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ. Mi ò ní kí wọ́n gbádùn. Mi ò ní kí wọ́n rántí ọdún tàbí oṣù. Kí wọ́n ṣá wo ojú mi kí wọ́n pè mí.

Kí ló dé tí kì í ṣe Ìṣẹ́yìn

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé kí ló dé tí mi ò gbé wọn lọ sílé. Mo gbé wọn lọ. Àgbàlá tí wọ́n ti ń hunṣọ ti di ibi tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sí. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń béèrè àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lásún dà? Wọ́n ní Lásún ti kú. Bàbá mi sunkún. Ó di ọ̀sán, wọ́n tún béèrè Lásún, ẹnìkan tún ní ó ti kú, wọ́n tún sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn ará ilé gbìyànjú láti máa purọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ilé tí òkú ti pọ̀ ju alààyè lọ, irọ́ inú rẹ̀ kì í pẹ́ tú. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo palẹ̀ ẹrù wa mọ́, a padà sí Lọ́ndọ̀nù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ mi Ṣadé, tí mo bí síbí, jókòó ti bàbá àgbà rẹ̀ nínú pálọ̀, ó ń wo fóònù. Fídíò ìlú kan ní Uzbekistan ló ń wò, ìlú tí wọ́n ti ń hun ṣẹ́dà láti ayébáyé. Margilan lorúkọ rẹ̀. Ariwo òfì jáde nínú fóònù, bàbá mi gbé orí sókè, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwá sẹ́yìn lórí búláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Ta ló ń hunṣọ?" Odindi gbólóhùn, ní ohùn wọn àtijọ́ tí mo ti gbàgbé. Mo ju abọ́ tí mo ń fọ̀ sílẹ̀, mo sáré wá, mo ní ta ni èmi yìí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ìyá nọ́ọ̀sì ni.

Ṣùgbọ́n ìrètí ti wọ inú mi, ìrètí sì burú ju ìbà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ibi tí òfì wà tí òkú wa kò sí, ibẹ̀ ni ó yẹ kí n gbé wọn lọ. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ní orí mi ti dàrú. Dókítà ní kí n rò ó dáadáa. Ẹ̀yin ní ṣọ́ọ̀ṣì tan àbẹ́là, ẹ gbàdúrà, ẹ fi òróró pa bàbá mi lórí, tí bàbá mi, Mùsùlùmí látilẹ̀, ń ṣe àmín tayọ̀tayọ̀. Mo gba ìsinmi níbi tí mo ti ń dáná fún àwọn ọmọ iléèwé ní Dagenham, a sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Àwọn tó dìde

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ bàálù. Ẹni tó ti bá arúgbó tí kò mọ ibi tó wà wọ bàálù rí ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹni tí kò bá tíì ṣe é, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó ṣe é.

Ọkọ̀ ojú irin ló já wa sí Margilan. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìwọ̀sí. Èèyàn dúdú méjì, ọ̀kan nínú àga onítáyà, ìkejì ń làágùn lẹ́yìn rẹ̀, mo ti gbé ojú mi le bí mo ṣe máa ń gbé e le ní ọ́fíìsì àwọn ìjọba. Wọ́n sì wò wá lóòótọ́. Wọn ò fi bò rárá. Obìnrin kan dá èso tó ń jẹ lọ́wọ́ dúró, ó la ẹnu, ó ń wo irun mi. Àwọn kan ń fi fóònù yà wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

A wá kọjá níwájú bẹ́ǹṣì kan tí àwọn ọkùnrin jókòó sí, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹni ńlá kan ló ń bọ̀. Àṣé bàbá mi ni wọ́n dìde fún. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń pè wọ́n ní "ota". Bàbá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun náà ti darúgbó, fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ bàbá mi, kò tètè fi sílẹ̀. Bàbá yìí kan náà ni mo ti tìtorí wọn bá ọ̀dọ́mọdé jà nínú bọ́ọ̀sì ní Ripple Road, tí kò fẹ́ kúrò ní àyè àwọn arúgbó. Mo dúró síbẹ̀, omi ń dà lójú mi, mo ń sọ pé eruku ni, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Obìnrin tó ni ilé tí a dé sí ń jẹ́ Dilbar. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè òyìnbó kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Ó sanra, eyín wúrà wà lẹ́nu rẹ̀, kì í dákẹ́. Kí ó tó béèrè orúkọ wa, ó ti bu búrẹ́dì ribiti kan sí wẹ́wẹ́, ó kọ́kọ́ fún bàbá mi. Nígbà tí mo gbé èyí tó kù sílẹ̀ tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ó rọra yí i padà. Mo mọ̀ ọ́n lára pé mo ti ṣe ohun tí wọn kì í ṣe. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ilé tí wọ́n bá ti ń ka nǹkan léèwọ̀, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú irú rẹ̀.

Abọ́ tíì

Ẹ wá gbọ́ ìwà mi. Dilbar bu tíì fún mi nínú abọ́ kékeré kan tí kò ní etí, ó bu ún bíntín, kò ju ohun tí adìyẹ lè mu lọ. Mo mu ún tán, ó tún bu bíntín. Mo ní nínú ọkàn mi pé háà, obìnrin yìí ahun ni, gbogbo sísanra yìí, ahun. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wá kí wa, mo ní ẹ jẹ́ kí n fi hàn wọ́n bí ọmọ Yorùbá ṣe ń ṣe àlejò. Mo gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ Dilbar, mo rọ ọ́ kún abọ́ gbogbo wọn dé ẹnu, ó ń dà sílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n mu ún tán, wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà, wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Dilbar rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n bá bu díẹ̀ fún ọ, ó túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ kí o pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, kí àwọn lè máa dìde bù ú fún ọ. Bí wọ́n bá bù ú kún, ó ní mu ún kí o máa lọ. Mo ti lé gbogbo àdúgbò lọ sílé wọn. Ó yá, ó lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n padà wá pẹ̀lú bàrà olómi dídùn kan tó tó orí ọmọ ọwọ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń rín, ṣùgbọ́n wọ́n rín in.

Ìrẹsì ni oúnjẹ ńlá wọn, wọ́n fi kárọ́ọ̀tì àti ọ̀rá àgùntàn sè é, ata kò sí níbẹ̀ rárá. Mo gbé ata gígún tí mo dì lọ láti Upney jáde, ọkọ Dilbar tọ́ ọ wò, ó sáré lọ sídìí omi. Inú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti ń jẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bàbá mi wo ọwọ́ àwọn tó kù. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn náà, wọ́n kó ìrẹsì, wọ́n gbé e sẹ́nu. Láti ọdún tó lọ, èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Mi ò lè jẹun mọ́, mo ń wo ọwọ́ yẹn, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ilé òfì

Mo ti rò pé ilé iṣẹ́ ńlá la ó bá. Àgbàlá ni, yàrá yí i ká, àwọn igi tí kòkòrò ṣẹ́dà ń jẹ ewé wọn wà láàárín. Nínú yàrá àkọ́kọ́, obìnrin kan ń bọ ilé tí àwọn kòkòrò náà hun bo ara wọn nínú omi gbígbóná, ó ń fa okùn jáde lára wọn. Òórùn ibẹ̀ kò dára, ó jọ ti ẹran tó ti sùn. Ní yàrá kejì, wọ́n ń so òwú ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ kí wọ́n tó rì í sínú aró, bí àwọn aláró wa ṣe ń so àdìrẹ, àmọ́ òwú ni tiwọn, wọn ò tíì hun ún. Mo ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ sétí bàbá mi, ojú wọn sì wà níbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni Dilbar ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí òfì wà.

Ariwo yẹn pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá dàgbà sáàárín ahunṣọ kò lè mọ bó ṣe rí. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, wọ́n ń gbìyànjú láti dìde, èmi àti Dilbar gbá wọn mú lápá lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n rìn. Obìnrin tó máa ń ti Eastbury wá láti wá na ẹsẹ̀ wọn kò rí kí wọ́n rìn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Òfì wọn fẹ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Òwú gígùn ló ti ọwọ́ ahunṣọ lọ títí dé òdìkejì yàrá, òkúta ni wọ́n sì so mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè fà le. Ní Ìṣẹ́yìn, ilẹ̀ ni òkúta tiwa máa ń jókòó sí, lórí pákó. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun tó ń ká aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá ti súnmọ́ jù, ọmọdé kan gbọ́dọ̀ dìde, kó tú òwú sílẹ̀, kó sì ti òkúta padà sẹ́yìn. Èmi ni ọmọdé náà nílé wa. Bàbá mi kì í wẹ̀yìn, wọ́n á kàn pè pé, "Àbẹ̀kẹ́, òkúta ti dé o," màá sì fi eré tí mo ń ṣe sílẹ̀. Ti Margilan kò wọ́ nílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó rọ̀ sára igi àjà, bí aṣọ bá ṣe ń gùn ló ń gòkè, tó bá dé òkè pátápátá, ẹnìkan ní láti lọ tú u kó sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí òfì tó súnmọ́ wa jù ń jẹ́ Mavluda. Kò lè ju Ṣadé mi lọ. Ó rí bí bàbá mi ṣe ń wo òwú, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó sún, ó sì fi ọwọ́ gbá orí àga pé kí wọ́n jókòó. Bàbá mi bọ́ bàtà. Wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá igi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n rí i. Wọ́n mú ọ̀kọ̀, igi kékeré tí òwú ìhunṣọ wà nínú rẹ̀, wọ́n jù ú. Aṣọ náà fẹ̀ ju èyí tí apá wọn mọ̀ lọ, ọ̀kọ̀ kò fẹ́ dé òdìkejì, ṣùgbọ́n Mavluda ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, ó hán an, ó sì jù ú padà fún wọn. Wọ́n tún jù ú. Ó tún hán an. Kò pẹ́, wọ́n ti ń bá a lọ. Àwọn tó kù dá òfì tiwọn dúró, wọ́n ń wò. Dilbar ń sunkún, èmi ń ya fídíò.

Bàbá mi kò gbójú sókè. Wọ́n kàn sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, "Àbẹ̀kẹ́, òkúta ti dé o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ìgbà tí fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá." Mo sáré, èmi tí eékún ń dùn, mo sáré dé ìdí ògiri, mo na ọwọ́ sókè, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Bàbá mi yí ọrùn, wọ́n rí mi. Ojú wọn yí padà, bíi ti ẹni tí àlejò fẹ́ bá gbálẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi ṣe é."

Wọ́n sì fi ẹnu júwe Mavluda. Mavluda kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó rí i pé òkúta ti dé òkè. Ó dìde, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó rọra gba okùn lọ́wọ́ mi, ó sọ òkúta kalẹ̀. Bàbá mi ní, "O káre, Àbẹ̀kẹ́." Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Àyè ẹlòmíràn

Láti ọjọ́ náà lọ, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jí sí. Orúkọ tí mo ti ń wá káàkiri, ó wá pọ̀ lẹ́nu wọn. Àbẹ̀kẹ́ dà? Ṣé Àbẹ̀kẹ́ ti jẹun? Èmi tí mo ń wọ ṣòkòtò fún wọn lọ́wọ́ máa ń ní èmi nìyí, wọn a sì rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a bá ti dé ilé òfì, Mavluda á pe "ota", ojú wọn á là. Wọ́n ń sọ Yorùbá, ó ń sọ èdè tirẹ̀, kò dí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́. Wọ́n sọ ìtàn ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ àlàárì ọba fún un, ìtàn tí wọ́n fi ń rẹ̀ mí sùn. Wọ́n ń bu búrẹ́dì tiwọn fún un.

Mo jowú. Kí n má purọ́. Mo jowú ọmọ tí mo lè bí. Dilbar sọ fún mi pé bàbá ọmọ náà lọ ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, kò sì padà wá mọ́, pé "ota" tó ń pè yẹn, ọkàn rẹ̀ ló fi ń pè é. Mo ní mo gbọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi sí i, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí Mavluda tó dé, mo yá ìborí ṣẹ́dà lọ́wọ́ Dilbar, mo so ó sẹ́yìn ọrùn bí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ṣe ń so ó. Mo bọ́ awò ojú mi. Mo lọ jókòó sí àyè rẹ̀, mo mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, mo ń dúró. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Bàbá mi jókòó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló ni ibẹ̀. Ọmọ mi ń bọ̀."

Ni mo bá kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, èmi ni Àbẹ̀kẹ́. Àbẹ̀kẹ́ tí ẹ bí ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ wò mí dáadáa."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n tiẹ̀ gbé ọwọ́ kan mi léjìká, mo sì rò pé ó ti dé, Ọlọ́run, ó ti dé. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tí èèyàn fi ń bo àṣìṣe àgbàlagbà.

"Àbẹ̀kẹ́ kò dàgbà tó yín," wọ́n ní. "Ọmọdé ni Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ti hewú."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti hewú. Ọmọ tí wọ́n ń wá, mi ò lè dà á mọ́, bí mo tilẹ̀ wọ gbogbo ṣẹ́dà Margilan. Mo tú ìborí náà, mo lọ jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá, mo sunkún títí imú mi fi dí. Dilbar gbé tíì wá. Ó bu díẹ̀, ó tún bu díẹ̀.

A kúrò

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí a lọ, Dilbar sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní ṣé mi ò rí i pé inú bàbá dùn níbẹ̀. Ó ní yàrá wà, àwọn èèyàn wà. Ó fẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n èmi náà ti rò ó kí ó tó sọ ọ́. Mo ti rò ó nígbà tí mo ń de bọ́tìnì aṣọ wọn, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí jì mí. Mo ní rárá. Mo ní bàbá mi ni. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló sọ ọ́ tàbí owú.

Wọn ò fẹ́ kúrò nídìí òfì. Wọ́n di igi rẹ̀ mú, wọ́n ní àwọn ò lè fi ọmọ àwọn sílẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Mo ń bẹ̀ wọ́n, Dilbar ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń wo àwa méjèèjì bí olè. Mavluda ló rọra tú ọwọ́ wọn, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Ó bá wọn rìn dé ẹnu ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ń bọ̀ báyìí. Irọ́ ni, gbogbo wa la jọ pa á. Ó gbọ́wọ́ lé àyà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ojú rẹ̀ pọ́n.

Nínú ọkọ̀ ojú irin wọ́n ń wo àga òdìkejì, wọ́n ń dúró dè é. Nígbà tó yá, ó yé wọn pé kò ní wá. Bàbá mi, tí kò tíì fi ohùn líle bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ mí di nọ́ọ̀sì, wọ́n pè mí ní gbọ́mọgbọ́mọ. Wọ́n pariwo rẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó jí arúgbó gbé. Mo jókòó, mo gba gbogbo rẹ̀. Mo di wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n já a gbà. Mo tún dì í mú.

Upney

A ti dé. Ẹ ti rí wa. Ẹ ní bàbá sanra díẹ̀, ẹ ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá wọn lára mu. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn jẹun nísinsìnyí bí mo bá gbé àwo ńlá síwájú wọn tí èmi náà jókòó jẹ nínú rẹ̀. Àbúrò mi pè láti Manchester, ó ní ṣé mo ti rí ohun tí mo lọ wá. Mo ní mo rí i. Mo pa fóònù.

Wọn ò bú mi mọ́, wọ́n ti gbàgbé pé mo jí wọn gbé. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò gbàgbé. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ní ọmọ kan, pé ó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, pé ó wà ní ibi tí òfì wà, pé ó mọṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mò ń jiyàn pẹ̀lú wọn. Mo gbé ìwé ìrìnnà mi wá, mo gbé fọ́tò wá, Ṣadé ní mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó ń dùn wọ́n. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ní àárọ̀ yìí, mo ń po ògì fún wọn, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́yìn ilé bó ṣe máa ń kọjá. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní àwọn rí i pé èèyàn dáadáa ni mí, pé mo máa ń rìnrìn-àjò, wọ́n sì fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi tí kò bá ní ni mí lára. Ṣé mo rí Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà ọ̀hún?

Mo ní mo rí i. Wọ́n ní ṣé ara rẹ̀ le. Mo ní ara rẹ̀ le. Wọ́n mi orí, wọ́n mi orí, wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Mo rò pé ó ti tán, mo fẹ́ dìde lọ wo ògì mi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ó ń béèrè mi?"

Mo ní, "Ó ń béèrè yín, Bàbá. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè yín."